Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Fi Oríkì Tì

Ọkùnrin kan wà tó ń ya fọ́tò, ní ìlú kan tó wà láàárín òkè méjì, níbi tí kùrukùru kì í tètè ká nílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní ìlú yìí, wàá kọ́kọ́ gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ kí o tó rí ẹni tó ń gbálẹ̀. Wàá gbọ́ ewúrẹ́ kí o tó rí ewúrẹ́. Odò kan wà lẹ́yìn ìlú. Bí kùrukùru bá sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé àwọn tó lọ pọnmi ń rìn bọ̀ láti ojú àlá. Ọkùnrin náà fẹ́ràn irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀. Á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á jókòó sórí àpáta, á máa dúró de ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Nígbà mìíràn oorun á fẹ́ẹ́ gbé e lọ níbẹ̀, fọ́tò tó bá sì yà láàárín oorun àti ojú lílà ló máa ń dára jù.

Fa àga yẹn súnmọ́ mi, kí n má baà máa pariwo. O ní àwọn tí o sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ fún kì í ṣe ọ̀tá. Mo ti gbọ́. A ó dé ibẹ̀, má kánjú.

Ayafọ́tò yìí ní ìyá kan tí gbogbo ìlú mọ ohùn rẹ̀. O mọ̀ pé ìyàwó ilé ní í mọ oríkì ilé ọkọ ju ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé lọ. Ti obìnrin yìí tún wá yàtọ̀. Bó bá jí, bó ti ń gbálẹ̀ ni yóò máa ki àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọmọ Ajíwẹ̀-nínú-ìrì, ọmọ a-sùn-sílé-gbóhùn-odò, jí o, ilẹ̀ ti mọ́." Ohùn náà á gba inú kùrukùru kọjá, á wọ ilé aládùúgbò, á bá ọmọ ọlọ́mọ lórí ẹní. Obìnrin náà kò sì láhun. Ọmọ aládùúgbò tó bá wà nítòsí nígbà tó bá ń ki tirẹ̀, á ki òun náà mọ́ wọn. Bí ọmọ kan bá ń rìnrìn àjò, á kì í títí dé ojú títì. Bí ọmọ kan bá ṣẹ̀ tí baba rẹ̀ mú pàṣán, oríkì náà ló fi ń gbà á sílẹ̀, torí ta ló lè na ẹni tí wọ́n ń kì lọ́wọ́? Baba náà á dúró, á mirí, á ju pàṣán sílẹ̀, á lọ jókòó.

Bó ṣe rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó yá, àìsàn kọlu obìnrin náà. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá òsì, ó sì fa ẹnu rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọlọ́run ṣàánú, ó dìde, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ẹnu kò padà sípò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, ó ń fà. Bí ìyá tí gbogbo ìlú mọ ohùn rẹ̀ ṣe kó wọ yàrá nìyẹn, tí kò jáde mọ́. Àlejò tó bá wá kí i, láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ ṣókí, ó tán. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa rántí ẹnu tí mo fi kì wọ́n. Èyí, tèmi ni."

Ó wá ní ọmọbìnrin kan ní òkè òkun tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí, àbúrò ayafọ́tò náà. Ìbíyẹmí ti bímọ níbẹ̀, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Bó bá fẹsẹ̀ kan kúrò nílùú ọ̀hún, wọn kò ní jẹ́ kó padà wọlé sọ́dọ̀ ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. "Bùrọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n rí Màámi. Ẹ ya wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ohùn nìkan kò tó mi mọ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní kó fara balẹ̀, àbúrò á ní òun ti fara balẹ̀ títí, ara náà ti rẹ̀. Ìyá a máa gbọ́ wọn láti inú yàrá. Kì í dá sí i.

Ayafọ́tò náà ti ní ojú òpó kan lórí ayélujára nígbà náà, níbi tó ń kó àwòrán àárọ̀ rẹ̀ sí: odò, òkè, ìgbálẹ̀ tí kò lẹ́ni nínú kùrukùru, obìnrin tó ru ìkòkò tí a kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi máa ń lọ síbẹ̀ bí àárò ilé bá ń sọ wọ́n. Ọkàn rẹ̀ wá sọ fún un pé, kí ló dé tí n kò kọ́ yàrá kún un? Ilé wo ló ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní yàrá? Gbogbo ènìyàn á máa jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa ọmọ ìyá á máa wọ inú. Ìyàwó rẹ̀ ní kó ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí ti gbogbo ayé dá wà, kí ti ẹbí dá wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilé baba mi kì í ṣe méjì."

Ó kó àwòrán ilé sínú yàrá náà. Baba wọn tó ti kú wà níbẹ̀, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ àgbàdo. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀ níhòòhò nínú agbada ìwẹ̀, tí ọṣẹ bo orí wọn. Ikùn oyún Ìbíyẹmí wà níbẹ̀ kó tó sọ ọ́ di mímọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá nìkan ló kù.

Ó wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú. Ó ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Màámi, ẹ wò ó bí ilé. Ẹnikẹ́ni lè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà láàárín, ó wà ní títì."

Ìyá bi í pé, "Ta ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn?"

"Kì í ṣe èèyàn, Màámi. Ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà kò lè wọlé."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Oríkì wa ni. Èyí tí ẹ fi ń jí wa."

 Ìhà ẹnu Ìyá tó ṣì ń gbọ́ràn gbéra sókè díẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn, kí n má purọ́. Oríkì tó ti fi gba ọmọ lọ́wọ́ pàṣán, òun náà gbà pé yóò gba òun. Ìyá àti ọmọ jókòó síbẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó funfun bí wàrà, inú àwọn méjèèjì dùn sí ọgbọ́n yìí. Wọ́n gbàgbé ohun kan ṣoṣo, ìwọ náà sì ti mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú rẹ.

Ìyá tú gèlè rẹ̀. Ó ní Ìbíyẹmí ló máa ń di irun òun, kó rí i bó ṣe funfun tó. Ó tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló wo ojú kámẹ́rà, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu wíwọ́ náà, gbogbo rẹ̀, kò fi ọwọ́ bò ó. Ọkùnrin náà ti ya òkè, ó ti ya odò, ó ti ya ọba. Kò tíì ya irú èyí rí. 

Ìyá ní, "Ojú àwọn ọmọ mi nìkan o."

Ó ní, "Màámi, mo gbọ́."

Ó kọ ìbéèrè kan sẹ́nu ilẹ̀kùn náà: *Bí o bá jẹ́ ọmọ ilé yìí, báwo ni Màámi ṣe máa ń kì ọ́?* Ìbíyẹmí rí ìbéèrè náà, ó rẹ́rìn-ín, ó dáhùn, ilẹ̀kùn ṣí. Ìgbà tó máa pe fóònù, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹkún ló ń sun, ẹ̀rín ló ń rín, ọmọ rẹ̀ náà ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ kí wọ́n ya òun. Ó ń jẹun, wọ́n yà á. Ó ń tòògbé lójú fèrèsé, tí oòrùn àárọ̀ ń gba irun rẹ̀ kọjá, wọ́n yà á. Ní ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá, tó rọra ń kùn. Ìyá ń gbìyànjú oríkì. Ó dúró sẹ́yìn ògiri, kò mí, kó má baà dá a dúró.

Wo ayọ̀. Ẹni tó bá ti rí òkú àbẹ́là tó tún ràn ni yóò mọ irú ayọ̀ yẹn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ń kún ní tirẹ̀. Àwọn tí kò dé ìlú náà rí ń wá wo odò. Wọ́n ń yìn ín. Ọkùnrin kan wà ní ìlú jíjìn, ọmọ aládùúgbò wọn àtijọ́, tó ti di akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ó pe ayafọ́tò náà lórí fóònù ní ọ̀sán kan, kò kí i kú ọ̀sán, kò bèèrè àlàáfíà, oríkì ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ Ajíwẹ̀-nínú-ìrì! Ọmọ a-sùn-sílé-gbóhùn-odò! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbé ìlú wa dé ibi gíga!"

Orí ayafọ́tò náà wú. Ó tó bẹ́ẹ̀ tó fi dìde dúró nínú yàrá tí kò sẹ́nìkan, tó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ó yẹ kó bi onítọ̀hún pé níbo lo ti kọ́ ọ? Kò bi í. Ta ni wọ́n ń kì tó ń béèrè ọ̀rọ̀? Ìwọ ńkọ́, o máa ń béèrè?

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni oorun gbé e lọ lórí àga, ó sì lá àlá.

Ó rí ilé wọn nínú kùrukùru. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún èèyàn, wọ́n ń wo àwòrán lára ògiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá, ó kúnlẹ̀, ó sọ oríkì ilé náà sí igi ilẹ̀kùn lára, ilẹ̀kùn sì ṣí fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn náà gan-an ń rẹ́rìn-ín. Èkejì tẹ̀ lé e. Wọ́n ń tò wọlé. Wọ́n ń nu ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ń kí ara wọn ní "ẹ ṣáájú", wọn kò fa nǹkan kan ya. Bí wọ́n ti ń dé inú, wọ́n ń kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá ń wá gèlè. Gèlè náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ti ń fà á, ó ń gùn sí i, ó ń funfun sí i, ó ń di kùrukùru lọ́wọ́ rẹ̀. Ayafọ́tò fẹ́ pariwo pé kí wọ́n jáde. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Ó ta jí. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ó súnmọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo ilẹ̀kùn yàrá náà, ó wà ní títì gbọn-in. Ó ní àlá ọ̀sán ni, ó rí bẹ́ẹ̀ torí pé òun jẹun yó. Ó dìde, ó lọ bu omi mu.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Obìnrin kan kọ́kọ́ wá, tí òun àti ìyá jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà tẹ́lẹ̀. Ó dúró níwájú aṣọ ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kún fún àánú. "Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. A rí yín. Ọlọ́run tó fa ẹnu yẹn lọ yóò fà á padà. A ti ń gbààwẹ̀." Kí ó tó lọ, òmíràn ti dé, ó mú òróró ìpara wá, ó ní kí wọ́n máa fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá ní àárọ̀.

Ìyá sún mọ́ aṣọ náà láti inú. Ó wá bi wọ́n pé, "Níbo lẹ ti rí mi?"

"Nínú fóònù ni, Ìyá. Fọ́tò yín wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó dùn mọ́ wa."

Ayafọ́tò wà ní ojú ọ̀nà, ó gbé abọ́ oúnjẹ ìyá rẹ̀ dání. Ó gbọ́. Ilẹ̀ kò lanu.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ìyá ní kó fi han òun. Ó wá a kàn lórí fóònù, ó gbé e sí ìyá lójú. Irun funfun, ọrùn, ẹ̀rín wíwọ́ náà, gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ ọ́ sí pé ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún ìyá wa. Àmín tẹ̀ lé àmín títí fóònù kò fi lópin mọ́. Ìyá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún, ó mú gèlè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e pẹ̀lú ọwọ́ kan yẹn. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó ní kó fi òun sílẹ̀.

Ayafọ́tò jáde síta, ó pe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Inú ń bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. "Ta ló ní kí o wọ yàrá ìyá mi?"

Ẹnu ya ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò jalè o. Ẹ bèèrè bí Màámi ṣe máa ń kì mí, mo dáhùn. Àárọ̀ wo ni wọn ò kì mí mọ́ yín? Mo rò pé èmi náà wà nínú ọmọ ilé." Ó tún ní, "Ìgbà tí mo rí wọn bẹ́ẹ̀, omijé bọ́ lójú mi. Àdúrà ni mo ní kí àwọn èèyàn gbà. Ṣé àdúrà burú ni?"

 Ìbínú ayafọ́tò ń wá ẹni tí yóò bà, kò rí ẹnì kankan. Akọ̀wé kò purọ́. Kò fọ́ ilẹ̀kùn. Oríkì tí wọ́n fi ti yàrá náà, ìyá gan-an ló fi ogójì ọdún kọ́ gbogbo àdúgbò, ó fi ń jí wọn láràárọ̀. Nígbà náà ló rántí àlá rẹ̀, àti bí àwọn èèyàn náà ṣe ń nu ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Òótọ́ ni. Kí ló tún ń yọ? Ó lè yọ ìyá ẹni kúrò ní yàrá, láìwé gèlè.

Ìyá ní, "Yọ mí kúrò níbẹ̀. Yọ gbogbo rẹ̀." Ó yọ ọ́. Ó yọ baba tó ń jẹ àgbàdo, ó yọ agbada ìwẹ̀, ó yọ ikùn Ìbíyẹmí. Èyí tó ti jáde kò ṣeé yọ, ó ti wà nínú fóònù ayé. Àlejò kò yé wá. Ìyá kò dá wọn lóhùn mọ́, àní láti ẹ̀yìn aṣọ. Oríkì tó ń rọra kùn láti gbìyànjú nínú yàrá náà dákẹ́. Àárọ̀ ń mọ́ nínú ilé náà bí ẹni pé kò mọ́ tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Ìbíyẹmí ni. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ pé yàrá náà ti tì mọ́ òun náà. Ohùn rẹ̀ jáde síta nínú fóònù, ìyá ń gbọ́. "Bùrọ̀dá mi, mo sọ oríkì náà, kò ṣí. Mo tún un sọ, kò ṣí. Ọmọ mi ti ń mọ ojú Màámi o. Ó máa ń fọwọ́ kàn wọ́n lójú fóònù. Kí ni kí n sọ fún un?"

 Kùrukùru wà lójú fèrèsé, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ayafọ́tò dorí kodò. Ojú ń tì í, ó ń dùn ún, kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ìyá wá fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ó ní, "Súnmọ́ mi."

Ó súnmọ́ ọn. Ìyá fa etí rẹ̀ mọ́ ẹnu wíwọ́ náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Kì í ṣe oríkì. Kò ní iyì kankan. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni nígbà tí ibà bá ń ṣe wọ́n ní kékeré, tó bá fi ìró bo òun àti ọmọ lórí, tí kò sí ẹlòmíràn lábẹ́ aṣọ náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kékeré kan, tó tiẹ̀ ń tini lójú díẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbàgbé rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Bó ti gbọ́ ọ ló bú sẹ́rìn-ín, ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín náà ni ẹkún ti gbà á.

O ń wò mí. Ọ̀rọ̀ wo ni? Má bi mí. N kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ilẹ̀kùn náà kò sí ní títì.

Ó kọ́ yàrá mìíràn, ní ilé ọ̀tọ̀, tí kò sí lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kọ ìbéèrè sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: *Kí ni Màámi máa ń sọ fún wa lábẹ́ ìró?* Kò sọ èsì rẹ̀ fún Ìbíyẹmí. Ìbíyẹmí kò sì bèèrè. Ó wọlé.

Ìyá tún gbà kí wọ́n máa ya òun, nítorí ọmọ tó ń fọwọ́ kan ojú fóònù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà lẹ́yìn ìyẹn, títí Ọlọ́run fi pè é, ọwọ́ rẹ̀ fi ìṣẹ́tí gèlè bo ẹnu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á ní, "Màámi, àwa nìkan ni." Á ní òun mọ̀. Ọwọ́ náà kò ní kúrò. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà mọ́ pé àwọn nìkan ni. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tó tú sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí kò bí, wọ́n ń ṣe àmín sí i títí dòní. Gèlè ló kù fún Ìbíyẹmí.

Ó tó. Ìwọ ló kàn.

Ìyàwó rẹ kò rán mi sí ọ, kò sì bá mi sọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ni mo rí ní ìsìn àná, nígbà tí àwọn obìnrin yí i ká, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e níkùn, tí wọ́n ń sọ pé oyún tó ń bọ̀ kò ní wálẹ̀ bíi ti méjì ìṣáájú. Méjì. Ta ló sọ fún wọn pé méjì ni? Nínú yàrá, lábẹ́ aṣọ, ló ti sọkún rẹ̀ fún ọ. Ìwọ nìkan ló rí i láìbo ẹnu. O dé inú ẹgbẹ́ rẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n dìde fún ọ, wọ́n pè ọ́ ní igi lẹ́yìn ọgbà, ọmọ akin, òjò tó ń rọ̀ fún gbogbo wa. Orí rẹ wú, o jókòó, wọ́n ní kí ló ń ṣe ọ̀gá tí ojú rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì, o sì ṣí ilẹ̀kùn.

O ní wọn kì í ṣe ọ̀tá. Mo gbà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ, wọ́n ń gbààwẹ̀ fún ọ. Wọ́n nu ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bóyá lo fẹ́ kí n bá ọ bínú sí wọn. N kò ní bínú sí wọn. Ohun tí gbogbo ayé fi ń kí ọ lójú títì lo fi ṣe kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyàwó rẹ. Ẹni tó bá ti yìn ọ́ ti wọlé. Jẹ́ kí wọ́n máa yìn ọ́, kò burú. Jókòó tì wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fún wọn ní obì. Má dìde lọ síhà ilẹ̀kùn.

Máa lọ sílé báyìí. Má ṣe ra nǹkan kan dání. Bí o bá débẹ̀, jókòó tì í, má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá dá ọ lóhùn, tí o sì rí i pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu, má fà á kúrò. Ìwọ lo gbé ọwọ́ náà síbẹ̀. Jókòó tì í títí yóò fi gbé e kúrò fúnra rẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé kò ní gbé e kúrò mọ́, ṣáà jókòó tì í.